Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní físíìsì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí. First class ni mo fi jáde nínú físíìsì, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹ̀ka tí mo ti kàwé ti ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ Graduate Assistant. Inú mi dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé kò jẹ́ kí n sùn. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní ìtànṣán inú láàbù máa ń ba ilé ọmọ jẹ́, pé àwọn obìnrin tó ka físíìsì dé PhD kì í tètè bímọ. Bàbá mi fẹ́ kí n lọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Kánádà ní kò sí ìwádìí físíìsì kankan tí èèyàn lè ṣe ní Nàìjíríà tí ayé máa kà sí. Àfẹ́sọ́nà mi ní ohun tí mo bá yàn ni òun fara mọ́, ṣùgbọ́n ó ń béèrè bóyá ká kọ́kọ́ ṣègbéyàwó ni àbí kí n kọ́kọ́ gba PhD. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe fún obìnrin? Ṣé kí n sì sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìgbéyàwó mi ti sún mọ́lé?"

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo tún padà kà á, nítorí ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ti ìyá àfẹ́sọ́nà wà níbẹ̀, ti bàbá wà níbẹ̀, ti ọ̀rẹ́ tó wà lókè òkun náà wà níbẹ̀. Ohun kan ni mi ò rí: o ò sọ níbì kankan pé iṣẹ́ náà le jù fún ọ. O ò ní ìṣirò ń dẹ́rù bà ọ́, o ò ní quantum mechanics rú ọ lójú. Mo fẹ́ kí o mú ìyẹn lọ́wọ́ dáadáa ká tó sọ ohunkóhun mìíràn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì, àwọn obìnrin tí mo rí tó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ torí pé wọn ò mọ ìṣirò kò tó nǹkan. Ohun tó ń lé wa kúrò ni pé àwọn ọdún tí yunifásítì ń ka àpilẹ̀kọ wa gan-an ni ọdún tí ilé ń ka ọmọ wa. Ẹni tó bá ti mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ lè múra sílẹ̀ dè é. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun ni kò gbọ́n tó, nígbà tó bá rí i pé àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ṣíwájú òun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ ìyá, nítorí ìfẹ́ ọmọ ló wà nídìí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí o tì í sẹ́yìn bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ̀wé. Ìtànṣán lè ṣe ara ní jàǹbá lóòótọ́. Marie Curie, tó gba Nobel nínú físíìsì ní 1903 àti nínú kẹ́mísìrì ní 1911, kú ní 1934 nípa àìsàn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì gbà pé ìtànṣán tó bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ààbò ló fà á. Obìnrin yìí kan náà bí ọmọ méjì. Wọ́n bí Irène ní 1897, òun náà sì gba Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 1935. Ève dé ayé ní 1904, lẹ́yìn Nobel àkọ́kọ́ ìyá wọn. Mi ò sọ èyí láti fi hàn pé ìtànṣán kò léwu o. Ìtàn ẹnì kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí fún nǹkan kan nínú iṣẹ́ tiwa. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ìtàn tí ìyá gbọ́ ní ìdí, àmọ́ wọ́n ti fà á gùn kọjá ibi tó yẹ kó dé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú físíìsì kò da ènìyàn pọ̀ mọ́ irú ìtànṣán tó ń ba ara jẹ́ rárá. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí átọ́ọ̀mù ṣe so mọ́ra, ẹni tó ń wọn eruku ọyẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ẹni tó ń rán iná mànàmáná wọ inú ilẹ̀ láti mọ ibi tí omi wà kí wọ́n tó gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù, ìtànṣán tó ń kàn wọ́n kò ju ti ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà. Gbogbo wa là ń gbà á láti ojú ọ̀run, láti inú ilẹ̀ àti nínú oúnjẹ. Tí a bá pín in káàkiri ayé, nǹkan bí 2.4 millisievert (ìwọ̀n tí a fi ń mọ iye ìtànṣán tó wọ ara) ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Tó bá jẹ́ físíìsì ìṣègùn tàbí ti núkílíà lo yàn, níbẹ̀ ni òfin wà. Ìlànà àgbáyé ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbà ju 20 millisievert lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba láàárín ọdún márùn-ún, àti pé bí obìnrin bá ti sọ pé òun lóyún, ohun tó máa kan ọmọ inú rẹ̀ títí tí á fi bí i kò gbọdọ̀ ju 1 millisievert lọ. Nílé níbí, àjọ NNRA ni ìjọba gbé iṣẹ́ àbójútó yìí lé lọ́wọ́. Báàjì kékeré kan wà tí òṣìṣẹ́ máa ń fi sí àyà, tí wọ́n sì máa ń kà látìgbàdégbà láti mọ iye tó ti gbà. Nítorí náà, tí o bá dé láàbù tó ní ìtànṣán, béèrè pé: báàjì mi dà, ta ló ń kà á, ìgbà wo ni wọ́n kà á kẹ́yìn? Bí wọn ò bá rí èsì fún ọ, má wọlé, ì báà jẹ́ pé o lóyún tàbí o ò lóyún. Ó dùn mí pé irú láàbù tí kò ní èsì yìí wà, àwọn ọkùnrin inú wọn pàápàá kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ní ti pé àwọn obìnrin inú físíìsì kì í tètè bímọ, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtànṣán kọ́ ló fà á. Àwọn fúnra wọn ló ń sún ọmọ síwájú, nítorí iṣẹ́ kò fún wọn láyè.

Kí o lè mọ ìdí tí iṣẹ́ kò fi fún wọn láyè, ó yẹ kí o mọ bí àtẹ̀gùn yunifásítì ṣe rí, torí àwọn ará ilé rò pé ká wọ kíláàsì ká kọ́ni ni gbogbo rẹ̀. Graduate Assistant ni ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá. O ò tíì di olùkọ́. O ń mójú tó practical àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́, o ń máàkì, o sì ń ka másítàsì lọ́wọ́ kan náà. Bí o bá gba másítàsì, o di Assistant Lecturer. Lẹ́yìn PhD, Lecturer II ló kàn, lẹ́yìn náà Lecturer I, Senior Lecturer àti Reader, kí o tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ọdún mẹ́ta ó kéré tán ni èèyàn máa lò lórí ipele kan kó tó lè béèrè ìgbéga. Láti Lecturer II dé ọ̀jọ̀gbọ́n, ọdún 12 nìyẹn, bí ohunkóhun ò bá dá ọ dúró. Fi ọdún másítàsì àti PhD kún un, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 26 á ti kọjá 45. Ohun tí ìgbìmọ̀ ìgbéga sì máa ń tú jù ni àpilẹ̀kọ ìwádìí tó jáde nínú jọ́nà tó lórúkọ. Bí o bá kọ́ kíláàsì ọmọ ẹgbẹ̀ta, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ, tí gbogbo wọn yege, o ṣe ohun tó níyì púpọ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tíì gbé ẹnikẹ́ni dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n.

Wá gbé ilé sí ẹ̀gbẹ́ ìṣirò yẹn. Àkókò tí PhD ń lọ lọ́wọ́, tí o sì ń wá àwọn àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ máa ṣíwájú nínú wọn, bọ́ sí àárín ọmọ ọdún 28 sí 38. Àkókò yẹn náà ni oyún, ọmú, ibà òru, àti jẹ́lé-ó-sinmi. Ọkùnrin tí ẹ jọ gba ìwé iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà ń bímọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà òun kọ́ ló ń jí lóru. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún obìnrin ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n owó oṣù nìkan ló ń wọlé. Ìwádìí ti dúró. Nígbà tí o bá padà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ọ ka irinṣẹ́ ti gboyè lọ, irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹlòmíràn sì ti tẹ ohun tí o fẹ́ tẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó ṣe ọ́ ní ibi. Bí àtẹ̀gùn ṣe rí nìyẹn, ẹni tí kò lóyún rí ló kàn án.

Ìdí kejì wà tí a kì í sábà sọ jáde, òun ló sì ń bí mi nínú jù. Tí ẹ̀ka bá ń wá ẹni tí á jẹ́ level adviser fún àwọn ọmọ tuntun, obìnrin ni wọ́n á wò. Ẹni tí á ṣètò oúnjẹ àlejò tó wá ṣe accreditation, obìnrin. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ mẹ́ta, obìnrin, "nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń fara balẹ̀." Ìyìn ni wọ́n á fi gbé e kalẹ̀, ojú á sì tì ọ́ láti kọ̀. Ọdún mẹ́rin á lọ báyìí, kò sì ní sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó di àpilẹ̀kọ. Mo mọ̀ pé nílé wa, a kì í wo ojú àgbà ká sọ pé rárá. Nítorí náà, tètè gba ẹyọ kan fúnra rẹ, èyí tí o lè ṣe dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá gbé èkejì wá, o lè kúnlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ láì gbà á: "Ẹ ṣé sà, iṣẹ́ tí ẹ̀ka gbé fún mi ni mo ń mú lọ́wọ́ yìí, mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ya àárọ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìwádìí, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí o bá ti wọṣẹ́, kó tó di pé àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́ sí ẹni tó máa ń wà nílẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya àkókò sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìgbéraga ni wọ́n á pè é.

Ìbéèrè àfẹ́sọ́nà rẹ, ìgbéyàwó tàbí PhD, èwo ló yẹ kó ṣíwájú, kò ní ìdáhùn kan tó bá gbogbo obìnrin mu. Rabia Salihu Sa'id ṣègbéyàwó ní ọmọ ọdún 18, ó bímọ, lẹ́yìn náà ló wá wọ yunifásítì, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ojú ọ̀run ní Bayero University, Kano. Maria Goeppert Mayer gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1930 ní Jámánì, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì tó gba ọkọ rẹ̀ síṣẹ́ kò sì fẹ́ san owó fún ìyàwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe ìwádìí láìgba owó oṣù olùkọ́. Ọdún 1960 ló tó di ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń sanwó fún dáadáa, ọdún 1963 ló gba Nobel nítorí àlàyé tó ṣe nípa bí inú núkílíásì ṣe tò. Òun ni obìnrin kejì tó gba ti físíìsì, lẹ́yìn Curie. Ẹ̀kẹta kò dé títí di 2018. Sa'id bímọ kó tó wọ yunifásítì, ó débẹ̀. Mayer kàwé kó tó bímọ, ó débẹ̀, àmọ́ wọ́n jẹ ẹ́ níyà láìnídìí. Ètò tó wà lẹ́yìn obìnrin náà ló máa ń sọ bí á ṣe rí, ju ohun tó ṣíwájú lọ.

Nítorí náà, dípò kí ẹ jókòó lórí "èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe," ẹ jókòó lórí nǹkan tó ṣeé dì mú. Ní ọjọ́ tí practical bá gùn dé aago márùn-ún, ta ni á mú ọmọ nílé ẹ̀kọ́? Bí mo bá rí àyè lọ ṣe ìwádìí fún oṣù mẹ́ta ní Ítálì nígbà tí ọmọ wà ní ọdún méjì, ṣé á gbà? Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbé e lọ sí Àbújá, ṣé a máa retí pé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀? Ilé tí a máa gbà, ṣé yóò sún mọ́ yunifásítì? "Ohun tí o bá yàn ni mo fara mọ́" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni rere, mo sì kí i, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ọ̀kan nínú wọ̀nyí. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn mi gan-an, bí ètò bá wà, ẹ má torí PhD sún ìgbéyàwó síwájú. PhD ní ilé wa kì í parí lọ́jọ́ tí èèyàn dá fún un. Má sì bá ìyá jà. Mo ti rí i léraléra pé obìnrin tó parí PhD pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ìyá kan ló ń bá a gbé ọmọ pọ̀n, ìyá yẹn sì sábà máa ń jẹ́ ìyá ọkọ. Mú un wọ ẹ̀ka rẹ lọ́jọ́ kan, kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Kánádà kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Físíìsì tó nílò ẹ̀rọ tó ń tutù dé ìtòsí òdo pátápátá (òtútù tí kò sí èyí tó jù ú lọ), tàbí iná tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú fún oṣù kan, nira gan-an láti ṣe níbí, mi ò sì ní tàn ọ́. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ka máa ń gbẹ epo. Irinṣẹ́ tó bàjẹ́ lè dúró ọdún kan kí wọ́n tó rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti Èrèlé títí wọ Ọ̀wàrà, ìjọba sì dá owó oṣù dúró. Ṣùgbọ́n físíìsì kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Agbedeméjì ayé ti mágínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìlà tó pín agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé sí méjì, gba àríwá Nàìjíríà kọjá, odò iná mànàmáná kan sì ń ṣàn lójú ọ̀run lọ́sàn-án lókè rẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà 100 sókè. Ìdàrúdàpọ̀ ojú ọ̀run agbègbè yìí máa ń da GPS àti àmì sátẹ́láìtì láàmú. Francisca Nneka Okeke ti Nsukka fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí odò iná yìí, ó sì gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì ní 2013. Kò sí ẹni tó wà ní Kánádà tó sún mọ́ ọn tó wa. Eruku ọyẹ́ tó ń ti Chad wá, àwa ló ń fẹ́ lù. Àpáta tó wà lábẹ́ Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́, tí omi rẹ̀ kì í sí níbi gbogbo, àwa ló ń gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù tí kì í rí omi. Deborah Ajakaiye, tó kàwé ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Birmingham, fi wíwọn agbára òòfà ilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú àpáta ilẹ̀ Nàìjíríà, ní 1980 ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Áfíríkà. Nígbà tí Elsevier Foundation fún obìnrin onífísíìsì àti onímátíìsì márùn-ún láti ilẹ̀ tó ń dàgbà sókè ní ẹ̀bùn ní 2015, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà: Sa'id tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Mojisola Adeniyi ti yunifásítì Ìbàdàn, àti Mojisola Usikalu ti Covenant ní Ọ̀tà.

Nígbà tí o bá ń yan ẹ̀ka ìwádìí, ronú sí bí ó ṣe máa bá ọdún tí ọmọ wà lọ́wọ́ rìn. Ìwádìí kan wà tó dà bí àmàlà lórí iná: tí o bá kúrò nídìí rẹ̀ ó ti di kókó. Òmíràn dà bí ẹ̀lùbọ́ nínú àpò, o lè fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí o padà bá a bó ṣe wà. Ẹ̀rọ tó ń kọ àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, inú ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n wà. Ètò kọ̀ǹpútà Quantum ESPRESSO, tí wọ́n fi ń ṣírò ìwà àwọn èròjà láti orí átọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ ni, láti 2010 ni ilé ẹ̀kọ́ ASESMA sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn láàbù máa bínú sí ìmọ̀ràn yìí. Bí ọkàn rẹ bá wà nínú láàbù lóòótọ́, lọ síbẹ̀, torí ìwádìí tí èèyàn kò fẹ́ràn kì í parí. Ṣùgbọ́n wá ẹni kan tí ẹ máa jọ ṣe é, tí á máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí o bá wà ní ìsinmi ìbímọ, kí ẹ sì ti fẹnu kò ṣáájú nípa orúkọ ẹni tó máa wà níwájú nínú àpilẹ̀kọ wo.

Níbí tàbí òkè òkun náà kì í ṣe ọ̀nà méjì tí kò lè pàdé. Ní Trieste ní Ítálì, ICTP wà, ilé ìwádìí físíìsì àgbáyé tí Abdus Salam ọmọ Pakistan dá sílẹ̀ ní 1964 nítorí àwọn onífísíìsì tó wà ní irú ilẹ̀ tiwa. Wọ́n ní Diploma ọdún kan tí wọ́n ń san gbogbo owó rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè. Wọ́n tún ní ètò STEP, tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń ka PhD nílé máa lọ ṣe oṣù díẹ̀ ní Trieste, kó sì padà wálé. Èyí ló bá obìnrin tó ní ilé mu jù. Bó bá jẹ́ ti núkílíà tàbí ìṣègùn, láti 2020 ni IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára núkílíà, ti ń fún obìnrin ní owó másítàsì lórúkọ Marie Curie, tó lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá euro lọ́dún fún ilé ẹ̀kọ́ àti iye kan náà fún àtijẹ. TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, náà máa ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti kàwé sí i, àmọ́ ka ìwé àdéhùn tí wọ́n á ní kí o fọwọ́ sí láti padà wá sìn, kí o tó fọwọ́ sí i.

Alábòójútó iṣẹ́ PhD rẹ ṣe pàtàkì ju yunifásítì tí o máa kà á ní lọ. Má fi orúkọ ńlá yan alábòójútó. Wá àwọn obìnrin tó ti gba PhD lábẹ́ rẹ̀, kí o bi wọ́n níkọ̀kọ̀: ọdún mélòó ló gbà yín? Nígbà tí ẹ bímọ, kí ló sọ? Ṣé ó máa ń ka iṣẹ́ yín àbí ó ń gbé e sábẹ́ àpótí? Ṣé ó máa ń pe obìnrin wá sí ọ́fíìsì lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ? Bí kò bá sí obìnrin kankan tó parí lábẹ́ rẹ̀ rí, mọ̀ pé èsì ni ìyẹn náà. Olùkọ́ tó ń fi ìwé ọmọbìnrin halẹ̀ mọ́ ọn kó lè bá a sùn wà láàárín wa, mo sì ti rí ọmọbìnrin tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ tó fi físíìsì sílẹ̀ nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ sílẹ̀, sọ fún obìnrin àgbà kan nínú ẹ̀ka ní kíá, má gbé e mọ́ra.

Ní ti bàbá, ó ń wo owó, kò sì jẹ̀bi. Owó oṣù Graduate Assistant kò lè dá gbọ́ bùkátà ilé, mi ò ní sọ pé ó lè ṣe é. Wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó san án, àwọn oṣù tí kò ní wá rárá sì lè dé. Bí ìwọ lo ń gbọ́ bùkátà àwọn àbúrò rẹ, ọ̀rọ̀ bàbá ní ìwúwo tí mi ò lè wọ̀n láti ibi tí mo jókòó sí, ìwọ nìkan lo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n físíìsì kì í fi èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹni tó mọ ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ ń gba iṣẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù, ẹni tó mọ físíìsì ìṣègùn ni ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ń wá, ẹni tó mọ ìṣirò kọ̀ǹpútà dáadáa lè wọ báǹkì nígbàkígbà. Ọ̀nà láti físíìsì lọ sí báǹkì ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti báǹkì padà sí ìwádìí ló ṣòro.

Ó ku ti ìgbìmọ̀. Kò sí ohun tó ní kí o fẹnu ara rẹ sọ pé o fẹ́ ṣègbéyàwó. Wọn ò ní bi ọkùnrin tó bá jókòó sórí àga yẹn lẹ́yìn rẹ, ìwé òfin ilẹ̀ wa pàápàá ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni nítorí pé obìnrin ni. Àmọ́ bí wọ́n bá bi ọ́, má purọ́, má sì bínú. Dáhùn ní gbólóhùn kan, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, mo máa ṣègbéyàwó, a sì ti jọ ṣètò bí iṣẹ́ á ṣe máa lọ," kí o sì padà sórí físíìsì ní kíá. Mú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ dání, nítorí inú rẹ̀ ni ìbéèrè wọn á ti wá. Múra láti sọ, ní ìṣẹ́jú méjì, ohun tí o fẹ́ wádìí fún másítàsì àti irinṣẹ́ tí ẹ̀ka ti ní tí o lè fi ṣe é. Wọ́n sì sábà máa ń ní kí èèyàn dìde kó kọ́ wọn ní nǹkan kékeré kan bíi pé ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n, nítorí náà ṣe ìdánrawò rẹ̀ lójú pátákó gidi, kí o sì jẹ́ kí ohùn rẹ dé ẹ̀yìn kíláàsì.